Oògùn Ẹnì Kan Kì Í Ṣe Oúnjẹ Àjọjẹ

Bí ẹ bá ń wá tọkọtaya tó mọ nǹkan pín, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà, ilé Akunlé àti Aránṣọ ni kí ẹ yà sí. Ife kan ni wọ́n fi ń mu tíì láàárọ̀: ọkọ á mu ún dé ìdajì, á sún un sọ́dọ̀ ìyàwó. Fóònù kan ni wọ́n jọ ń lò, awò ojú kan náà ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ara wọn bí ìwé kíkà bá dé. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí kòkòrò bá jẹ ọkọ, ìyàwó ni yóò họra. Wọn á rẹ́rìn-ín, inú wọn á sì dùn, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí. Èmi náà kà á sí ìfẹ́, àfi ní ibì kan péré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Aránṣọ gbé hóró kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi abẹ tó fi ń tú ojú rírán là á sí méjì, ó ju ìdajì sẹ́nu, ó sì na ìdajì yòókù sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbà, olówó orí mi."

Akunlé fi tíì tó kù nínú ife gbé e mì. "Kó tó dé inú ni orí mi ti ń fúyẹ́," ó wí.

Dókítà ilé ìwòsàn àdúgbò ló kọ oògùn yìí fún Aránṣọ nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé ó ga. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Akunlé bó bá wà lórí àkàbà, ojú rẹ̀ a sì máa ṣú bó bá gbé orí sókè láti kun àjà. Kàkà kí òun náà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ó ní kò sí àyè, ó ní bí òun bá jókòó de dókítà, ọ̀dà yóò gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Aránṣọ ló ní kó má ṣe ìyọnu, kí àwọn jọ máa lo tòun. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, àánú ni. Ṣùgbọ́n àánú tí kò bá béèrè ọ̀nà lè mú èèyàn wọ igbó.

Ìyá Akunlé ń bá wọn gbé. Ìyá Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i. Orúnkún tó ń dùn ún ló ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú orúnkún tán, ẹnu ni kì í jẹ́ kó tètè padà sílé. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, yóò kí ẹni tó ń wọlé, yóò kí ẹni tó ń jáde, gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà bá sì sọ, yóò kó o wálé bí ẹni kó ìròyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Nọ́ọ̀sì ní bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá fẹ́ mú èèyàn, nǹkan mẹ́ta ni ká yẹ̀ wò. Kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ká wò ó bóyá ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó gbé apá méjèèjì sókè, ká wò ó bóyá ọ̀kan ń já wálẹ̀. Kó sọ̀rọ̀, ká gbọ́ bóyá ahọ́n ń lọ́. Ó ní ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ti tó ká—"

"Màmá, ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀," ni Akunlé wí, ó ń fi ìka ṣe bí ẹni tó ń yí bọ́tìnnì rédíò.

"Yí etí tìrẹ sókè!" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kàn ọ́, ìwọ lo máa wá mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akunlé gbé àkàbà rẹ̀ jáde, Aránṣọ sì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé.

Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń dúró kí Aránṣọ bá òun dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì kù. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, sáàsì tó fi ń gé aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dì í mú. Ó tún gbìyànjú, sáàsì tún bọ́. Ó fẹ́ sọ pé, "Kí ló ń ṣe mí?" Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò yé oníbàárà, kò sì yé òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àárẹ̀ ni," oníbàárà wí. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ sùn díẹ̀, á lọ." Ó sá lọ pe Akunlé ní òpópónà kejì níbi tó ti ń kun ilé.

Akunlé dé pẹ̀lú ọ̀dà funfun lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tó rí ojú aya rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sá lọ gbé ni páálí oògùn. "Oògùn ni kò tó," ó ń wí, ó ti ń ṣí páálí náà. "Ẹ jẹ́ kí n fún un ní odidi méjì. Ẹ bá mi wá omi."

Ìyá Rédíò ti jáde láti inú ilé. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ìyàwó. "Má fún un ní ohunkóhun! Ì báà jẹ́ omi! Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà ọ̀fun lè ti rọ, ó lè há a lọ́fun." Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó di ojú Aránṣọ mú. "Ìyàwó mi, rẹ́rìn-ín sí mi."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu ló rẹ́rìn-ín.

"Gbé apá rẹ méjèèjì sókè."

Apá òsì gòkè. Apá ọ̀tún gòkè díẹ̀, ó já wálẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá kò sọ pé kó sọ̀rọ̀ mọ́. Ó yíjú sí oníbàárà. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Wọn yóò béèrè."

"Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ìsinmi ráńpẹ́ ni, mo ń gbọ́ ariwo wọn."

"Ó dára, má gbàgbé. Ọmọ mi, gbé fóònù, pe ilé ìwòsàn. Kí lò ń wò? Pè!"

Nọ́ọ̀sì Àgbà ló gbé ìpè náà. Akunlé ń sunkún, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, bàbá. Ẹ má gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa, àwa kò ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ọpọlọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yà síbí, ẹ máa fi àkókò ṣòfò. Mò ń pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn báyìí, yóò gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ gbé orí wọn sókè díẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání."

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ Aránṣọ. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń yọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ fún Akunlé gbangba pé ká ní ọ̀rọ̀ oníbàárà pé kó sùn díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé, oògùn yẹn ì bá ti bọ́ sí àsìkò tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣe ọ̀lẹ. Ó lè gbé ife, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ni Aránṣọ fi ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ ni pé kí àrùn náà tún padà wá, kó sì gba ìyókù.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Obìnrin ni Dókítà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ tí Aránṣọ lè bí lọ, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bó ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oògùn tí mo kọ fún yín yẹ kó ti mú ẹ̀jẹ̀ yìí wálẹ̀. Ṣé ẹ ń lò ó?"

"Mo ń lò ó, Dókítà. Mi ò pa á jẹ rí," ni Aránṣọ dáhùn.

Akunlé jẹ́rìí sí i. "Ojoojúmọ́ ni. Ìṣojú mi ni."

Dókítà mú bírò, ó fẹ́ kọ oògùn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, kí ẹ tó kọ ọ́. Màmá, ẹ fi bí ẹ ṣe ń lò ó hàn wá. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé."

Aránṣọ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ hóró kan nínú páálí, ó yọ abẹ nínú báàgì. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, Akunlé bá a di hóró náà mú sórí tábìlì, òun sì fi ọwọ́ òsì là á sí méjì. Ó ju ìdajì sẹ́nu. Akunlé tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó gba ìdajì yòókù, ó gbé e mì láìsí omi, ó sì wo Dókítà bí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Dókítà.

"Bàbá, kí lẹ gbé mì yẹn?"

"Ìpín tèmi ni."

Ìyá Rédíò di orí mú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Inú ilé kan náà la jọ wà!"

Dókítà bínú, ó sì yẹ kó bínú. Ṣùgbọ́n ó fà á mọ́ra, ó yíjú sí Aránṣọ. "Màmá, ẹ ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Bí ẹ bá wọn ara ẹnì kan, tí ẹ rán aṣọ fún un, ṣé ẹ lè là á sí méjì kí ẹ ní ó ti bo èèyàn méjì?"

Aránṣọ wolẹ̀. "Kò ní bo ẹnikẹ́ni."

"Kò ní bo ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe wọn oògùn yìí fún yín nìyẹn. Mo wo ẹ̀jẹ̀ yín, mo wo kíndìnrín yín, mo wo ọjọ́ orí yín. Ìdajì tí ẹ̀ ń lò kò tó yín. Bàbá, ẹ̀yin ní tiyín, ẹnikẹ́ni kò wọn yín rí. Irú oògùn yìí lè mú kí òòyì kọ́ yín lórí àkàbà, ó lè bá kíndìnrín tí a kò yẹ̀ wò jà. Kí ló tilẹ̀ sọ fún yín pé àìsàn kan náà ni?"

"Orí ń fọ́ mi bó ṣe ń fọ́ ìyàwó mi," ni Akunlé wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo sì rò pé ara mi le, pé ìdajì ti tó mi."

"Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ na apá yín."

Ẹ̀rọ náà fún apá Akunlé, ó tú u sílẹ̀. Dókítà wo iye tó gbé jáde, ó tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ Akunlé ga ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń gun àkàbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ yìí, Ọlọ́run ló ń bá a di àkàbà náà mú.

Akunlé kò wo ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ ọ̀tún aya rẹ̀ ló ń wò. "Èmi ni mo jẹ ìlera rẹ," ó wí, ó sì bú sẹ́kún níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn àjèjì. Aránṣọ fi ọwọ́ tó ń ṣe ọ̀lẹ yẹn gbá a mọ́ra. "Èmi ni mo fún yín," ó wí. "Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kò dáa."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò tẹ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà lọ́rùn. "Kò sí ẹni tó sọ ọ́ kẹ̀? Ohùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lórí rẹ̀! Ó tún wà lára ògiri níta."

"Níbo?" Ìyá Rédíò béèrè. "Èmi tí mò ń jókòó níwájú, mo gbọ́ ti rọpárọsẹ̀, mo gbọ́ ti ẹ̀fọn, mo gbọ́ ti ọwọ́ fífọ̀. Ti oògùn pínpín, mi ò gbọ́ ọ rí."

Wọ́n jáde lọ wò ó. Ìwé náà wà lára ògiri lóòótọ́, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn ẹlòmíràn gan-an ni àwọn aláìsàn ń gbé orí tì, òróró irun orí gbogbo àdúgbò ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Dókítà wo ògiri, ó wo àwọn tó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí ni Nọ́ọ̀sì Àgbà bá yín sọ láàárọ̀ yìí?"

Baba kan ló kọ́kọ́ gbìyànjú. "Ó ní ẹni tí kò bá gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀ yóò padà sẹ́yìn."

Obìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ fi kún un. "Mo gbọ́ ẹ̀fọn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀fọn ṣe."

Ẹ̀rín bú yọ, Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àṣé àsìkò tí wọ́n ń pe nọ́ńbà ló máa ń dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ta ló fẹ́ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn nígbà tí etí rẹ̀ ń ṣọ́ nọ́ńbà? Èmi náà kì bá gbọ́. Ó dun Nọ́ọ̀sì gan-an, nítorí tọkàntọkàn ló fi ń ṣe é.

"Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀," Dókítà sọ fún un jẹ́jẹ́. "Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Bó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ ká pa òwe yẹn tì. Odidi ni ká máa sọ, ká sì gbọ́ ọ padà ní odidi."

Bí wọ́n ṣe yí iṣẹ́ wọn padà nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ń pín nọ́ńbà tán, Nọ́ọ̀sì á sì ti sọ̀rọ̀ parí kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé ìwé ara ògiri lọ sí iwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ní ti àwọn tí kò lè kàwé, Nọ́ọ̀sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnikẹ́ni kì í gba oògùn lọ láìjẹ́ pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lò ó. Níbi fèrèsé yẹn ni àṣírí ti ń tú. Baba kan ní òun ń fi oògùn tòun tọ́jú àbúrò òun. Obìnrin kan ní bí ara òun bá ti yá ni òun ń dá a dúró, òun á tọ́jú ìyókù de ìgbà tí ara bá tún kọ̀. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ wọn. Wọ́n bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì ní kí àbúrò náà wá. Ìyá Rédíò nìkan ló ń ráhùn, ó ní bí òun bá délé báyìí, ìròyìn ti ṣáájú òun.

Aránṣọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú rírán tó gùn gbọọrọ ló ń ṣe, ó ń gbé ihò bọ́tìnnì fún aránṣọ mìíràn kó bá òun ṣe é, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀. Akunlé ní oògùn tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára páálí, orí fífọ́ náà sì ti ń dẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn pínpín kàn, Aránṣọ ní kí Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó dìde láàárín àwọn tó ń dúró, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó gbìyànjú láti fi ìka kan àtàǹpàkò, wọn kò pàdé.

"Ìdajì oògùn ni mo ń lò," ó wí. "Ẹ wo ìdajì ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún mi."

Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Ìgbà wo lo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ kẹ́yìn? Má dúró kí orí fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Oògùn tí wọ́n bá kọ fún ọ, lò ó bí wọ́n ṣe ní kí o lò ó, má sì dá a dúró nítorí pé ara yá, àfi bí dókítà bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí wọ́n sọ kò bá yé ọ, má kàn mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ní kí wọ́n tún un sọ, kí o sọ ọ́ padà fún wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí o bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́, tí apá rẹ̀ ń já, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, má ní kó sùn, pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tí o fẹ́ràn bá sì ń ṣàìsàn bíi tìrẹ, má ṣe bu oògùn rẹ fún un. Fà á lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ rí dókítà.